Wáyà tín-ín-rín lórí swíìṣì ńlá

Òkun o, Olóòtú. Ẹ kú iṣẹ́.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wáyà iná ní Kàbbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde.

Lásìkò òjò tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Ìyàrá ránṣẹ́ pè mí. Àjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti jó. Ọmọkùnrin kan ló bá a fa iná sí firísà tuntun. Ó tú ìdè, ìyẹn ibi tí a ti ń fi skúrù de orí wáyà, tó wà lókè swíìṣì ńlá, níbi tí wáyà láti òpó ti ń wọlé, ó ki wáyà tín-ín-rín 2.5 (ìwọ̀n sísanra rẹ̀ ní mm²) bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dè é, ó sì fà á gba inú àjà lọ. Kò sí fíúsì, kò sí bírékà (àwọn ohun tó ń gé iná fúnra wọn bó bá pọ̀ jù) lójú ọ̀nà láti ibẹ̀ dé firísà. Wáyà yẹn kò lè gbé ju nǹkan bí ámpù 25 lọ (ámpù ni a fi ń wọn iná tó ń gba inú wáyà), fíúsì kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ọ, fíúsì ńlá tó wà ṣáájú swíìṣì, sì jẹ́ ti ámpù 100. Nígbà tí etí páànù gé e lára, iná tó ń jò kò tó èyí tó lè já fíúsì, ṣùgbọ́n ó ti ju agbára wáyà lọ. Ó pọ́n bí irin inú ìléru.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá náà sáré pa swíìṣì. Iná kò kú, nítorí òkè swíìṣì ni wọ́n ti fà á. Ó ń pa á, ó ń tàn án, àjà ń jó lọ.

Fífa ẹ̀ka lára wáyà ńlá kì í ṣe èèwọ̀, ó ní òfin ni. Ìwé òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹ̀ka má ju mítà 3 lọ kó tó kan fíúsì tirẹ̀, kí a sì fà á lọ́nà tí ewu iná kò fi ní sí. Ti Amẹ́ríkà ní bí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta fíúsì ńlá, kó sì parí sínú bírékà kan. Bí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá tó, inú páìpù ni yóò sì gbà. Ẹ kíyè sí i, wáyà 2.5 ọmọ yẹn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ o! Gígùn rẹ̀ ló bà á jẹ́, àti pé inú firísà ló parí sí. A kò sì gbọ́dọ̀ de wáyà méjì mọ́ ìdè kan, àfi èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún méjì.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, níbi gbogbo, kí ẹ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́, ẹ mú un dúró níwájú swíìṣì, kí ẹ bi í pé: "Bí wáyà yìí bá kan páànù, fíúsì wo ni yóò já?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Mo tún ti ìyá náà ṣe. Ìsàlẹ̀ swíìṣì ni mo ti fa wáyà 10, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, sínú bírékà ámpù 20, kí 2.5 tó bẹ̀rẹ̀. Owó bírékà náà kò tó owó páálí ẹja kan.

Èmi ni,
Oníwáyà iná kan, Kàbbà.