Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ọdẹ àti Apẹja Etí Igbó Ọmọ

Láti ọ̀dọ̀: Àwa ọdẹ àti apẹja tó ń gbé etí igbó Ọmọ
Sí: Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Ìpínlẹ̀ Ògùn
Ẹ̀dà: Àwọn ọba àti baálẹ̀ etí igbó, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá, 2025

Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ: Ẹ JẸ́ KÍ A BÁ YÍN ṢỌ́ IGBÓ ÀTI ODÒ, A KÒ GBOWÓ

Alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú àìsùn nítorí gbogbo wa.

Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí ń gbé láwọn abúlé tó wà láàárín ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní àti J4, abúlé kan nínú igbó náà. Ọdẹ ni àwọn kan nínú wa, àwọn kan ń pẹja nínú odò Ọmọ àti àwọn ìṣàn tó ń wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe méjèèjì mọ́ iṣẹ́ oko. A kò wá tọrọ iṣẹ́, a kò sì wá tọrọ owó oṣù. A fẹ́ kí ẹ gbà wá láyè láti máa ṣọ́ igbó ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè rò pé ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò nílò ìwé ẹ̀bẹ̀. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, mẹ́rin nínú wa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì ìgégi lóru, níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n fi etí tẹ̀ lé e, wọ́n sì débẹ̀: ìrókò kan ti wó, àwọn onígẹdú ti ń là á sí pákó, igi kan tí à ń pè ní apá ṣì dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àdá sàmì sí i lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ. Ìbéèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Kí ni ẹ̀yin náà ń wá nínú igbó ìjọba láago méjì òru?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ká sòótọ́, ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ọdẹ ni wọ́n, òru sì ni ọjà ọdẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn kò kọ ọ̀gangan ibi tí igi wà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, lọ́rì ti kó pákó lọ. Láti ìgbà náà, bí ọdẹ bá rí nǹkan nínú igbó, ńṣe ló ń gbé e mì. Ìdí tí a fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

1925 ni ìjọba fi òfin ya igbó yìí sọ́tọ̀, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà. Ní 1946, wọ́n tún mú 460 hẹ́kítà nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí dẹ ẹran níbẹ̀ rárá. Ní 1977, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé ń fojú sí. Ẹ mọ èyí jù wá lọ, ó wà nínú fáìlì yín. Ohun tí àwa mọ̀ ni bí inú igbó ṣe ń dún. Nígbà tí wọ́n gé igbó dúdú, tí wọ́n gbin mẹlaina, igi òkèèrè kan tó ń yára dàgbà, rọ́pò rẹ̀ ní apá tó pọ̀, ọdẹ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé abẹ́ mẹlaina kì í dún. Kò sí ihò igi tí àtíòro yóò yé sí, kò sì sí èso tó tó ọ̀bọ jẹ yípo ọdún. Ibi tí oko kòkó wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tún dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Erin ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará Èkó kì í gbà á gbọ́ bí a bá sọ fún wọn pé erin ṣì ń rìn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fi ojú sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Oṣù 22 ni erin fi ń gbé oyún. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ohun tí ìbọn ẹyọ kan lè gbà lọ́wọ́ igbó láàárín ìṣẹ́jú kan.

A kò ní ṣe bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn baba wa pa erin, wọ́n sì fi gba orúkọ. A ṣì ń sun ìjálá erin, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbè é kò fojú rí erin rí. Ní ìgbà tiwa, àwọn kan nínú wa ló fi ọ̀nà han àwọn onígẹdú, torí pé ẹni tó mọ ibi tí ìrókò kù sí kò pọ̀ mọ́. Àwọn kan ta akika fún àwọn tó ń wá ìpẹ́ rẹ̀ rà, bẹ́ẹ̀ òfin lórí ẹranko tó ń tán lọ ti wà nílẹ̀ láti 1985. Àwọn kan yìnbọn fún ẹtu tí wàrà ṣì ń kán lọ́mú rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà wa kà léèwọ̀ kí ìjọba tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣe é wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé yìí. Àwọn fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyà náà ti wá lé sí i: ibi tí a ti máa ń rìn fún wákàtí kan ká tó rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu, a lè rìn ín mọ́jú báyìí ká má rí ju òkété lọ.

Ní ti odò, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, torí pé òun ló ń dun àwọn apẹja wa jù. Gàmálìn, oògùn tí àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò ara kòkó, ni àwọn kan ń dà sódò láti fi pẹja. Wọ́n á dà á sí òkè ìṣàn ní ìdájí, wọ́n á wá lọ gbé agbọ̀n dúró nísàlẹ̀. Àrọ̀, epìà, òjíjí, edé, àti ọmọ ẹja tí kò tíì tó ìka, gbogbo rẹ̀ á yí ikùn sókè. Àwọn ńlá ni wọ́n ń ṣà, ìyókù á jẹrà sínú omi tí abúlé ń pọn. Láti 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ka lindane, oró tó wà nínú oògùn yìí, mọ́ àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ojú òǹtajà ṣì ń rí nǹkan rà, bí kò bá jẹ́ òun náà, á jẹ́ òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ bíi rẹ̀.

Ẹja tí wọ́n fi oró pa kì í pariwo lórí àtẹ. Apẹja ló lè dá a mọ̀: kò sí ojú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sí ojú àwọ̀n lára rẹ̀, ara rẹ̀ á sì ti tètè rọ̀. Obìnrin tó ń yan ẹja lójú títì kò mọ èyí. Ó rà á ní ẹ̀dínwó, ó rò pé Ọlọ́run ló ṣe é. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ jẹ èyí tó bá fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìṣàn wa wà tí wọ́n da nǹkan yìí sí, ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá kí ìwọ̀ tó tún mú ohun gidi níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣe rèé. Ènìyàn mẹ́fà ni yóò máa wọ igbó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọdẹ mẹ́rin, apẹja méjì. Ojú ọ̀nà tí àwa àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bá fẹnu kò sí nìkan ni wọn yóò tọ̀. Wọn yóò máa tú tàkúté wáyà, torí pé tàkúté wáyà kò mọ abo yàtọ̀ sí akọ, èyí tí olówó rẹ̀ kò bá sì bẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́rin, ìdin ni yóò jẹ ẹran inú rẹ̀. Wọn kò ní bá onígẹdú jà. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n á sàmì sí ọ̀gangan ibẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á yọ́ kúrò, wọ́n á sì pè. Ní ọjọ́ ìṣọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìbọn dání, ìbáà ṣe ṣakabùlà.

Ìpàdé mẹ́ta gbáko ni a fi jà lórí ọ̀rọ̀ ìbọn yìí. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọdẹ tí kò gbé ìbọn, ṣé igi ìdáná ló ń lọ ṣẹ́? Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá jáde láti inú igbó pẹ̀lú ìbọn, tí ẹtu wà léjìká rẹ̀, tó wá ní ìṣọ́ lòun lọ, ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwa gan-an kò ní gbà á gbọ́.

Kí ọyẹ́ tó mú, a ó la ààlà láàárín oko àti igbó kí iná oko má baà kọjá. Ní ti odò, nígbà tí òjò bá ti mú omi kún, àrọ̀ máa ń gòkè lọ yé sí àbàtà etí odò. Ìgbà yẹn náà ló rọrùn jù láti fi ìgèrè dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Àwọn apẹja wa ti fẹnu kò pé wọn kò ní fi ìgèrè dí ẹnu ìṣàn kankan láti oṣù kẹrin títí di òpin oṣù keje, àwọ̀n tí ìka méjì kò bá sì lè wọ ojú rẹ̀, ilé ni yóò máa wà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́dún yìí láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ fún wa pé láti 1937 ni ìjọba ibẹ̀ ti ṣòfin pé kí wọ́n máa fi owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn ọdẹ àti ọta tọ́jú ẹranko àti ibùgbé wọn, àti pé láti 1950 wọ́n ti fi ohun èlò ìpẹja kún un. Ó ní àwọn ọdẹ àti apẹja wọn tún máa ń yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi wọn láti tún ilẹ̀ ìjọba ṣe. Ó dára fún wọn. Àwa ò lówó ọta dé ibi tí a ó ti máa san owó orí lé e lórí. Ẹsẹ̀ ni a ní, àti ojú tó mọ òru. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ìjọba kò béèrè ohun tí ọdẹ ń wá nínú igbó lóru. Wọ́n mọ̀ pé ọdẹ mọ ọ̀nà, wọ́n sì pè é wá lé olè. Ẹni tó ń fi lọ́rì kó ìrókò lọ lóru, orúkọ wo ni ká pe òun?

Alága wa, a mọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni igbó, kì í ṣe káńsù. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ yín tó ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ bá wa kọ̀wé sí Abẹ́òkúta pé ẹ mọ̀ wá, kí ẹ sì pe àwa àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó jókòó sójú kan, kí wọ́n lè rí ojú wa ní ọ̀sán kí wọ́n tó bá wa pàdé ní òru. Ẹ fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní káàdì tí fọ́tò wọn wà lára rẹ̀, tí yóò máa parí lọ́dọọdún, kí ẹni tó bá ṣàṣejù má baà rí i lò mọ́. Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí fóònù rẹ̀ yóò máa wà ní títàn lóru, tí yóò sì máa dá wa lóhùn pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ dé. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Ẹ ṣe òfin ọjà lórí ẹja olóró àti ẹran tí òfin ní ká má pa, kí ẹ sì mú àwọn tó ń ta oògùn oko mọ́ra, torí pé wọ́n mọ àgbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó wá ra agolo mẹ́ta nígbà tí kòkó kò tíì yọ ìtànná.

A ti sọ pé a kò tọrọ owó. Ibì kan ṣoṣo ni a ti yí ohùn padà: abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó wà ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ igbó jù, nítorí ẹni tí paramọ́lẹ̀ bá ṣán lóru nínú igbó kò lè dúró de mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde. Bàtà rọ́bà àti tọ́ọ̀ṣì, a ó rà á fúnra wa.

Ní ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ti búra. Àwọn tó ń bọ Ògún fi ẹnu kan irin, àwọn Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ fi ìwé tiwọn búra. Ẹni tí a bá rí tó ta akika, tó da oró sódò, tàbí tó fi igi han onígẹdú, àwa fúnra wa ni a ó fà á lé yín lọ́wọ́, kò sí àgbà kan tí yóò wá bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ má dá wa lóhùn bí àgbà kan bá wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, àwọn onígẹdú náà sì mọ̀. Bí ẹ bá lè rán ẹnìkan wá kí oṣù yìí tó parí, a ó mú un lọ wo kùkùté ìrókò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí. Igi apá tí wọ́n sàmì sí ṣì wà ní ìdúró títí di ìjẹta.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Olúọdẹ, fún àwọn ọdẹ
Olórí apẹja, fún àwọn apẹja
Akọ̀wé
(Ìtẹ̀ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn ìwé yìí)