Ìkéde Fún Ẹgbẹ́ Aládùúrà: Ẹ̀bẹ̀ Tí Ìdáhùn Rẹ̀ Pẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìfaradà. Àdúrà ọ̀sẹ̀ yìí wà fún ẹni tí ohun tó ń retí kò tíì dé. Ẹnì kan nínú wa ti ká bébà ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń ya. Ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀, ẹ má tijú.

Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tó kúrò ní Háránì. Ó pé 100 kó tó gbé Ísáákì. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ó mú ẹ̀gún, ìyẹn ìpọ́njú tó wà nínú ara rẹ̀, kúrò; ẹ̀gún náà kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ló gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi, síbẹ̀ mo dì í mú.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹlòmíràn pé àìnígbàgbọ́ rẹ̀ ló fà á tí ìdáhùn fi pẹ́.