Ojú Wọn Ni Mò Ń Tẹ̀, N Kò Mọ Iṣẹ́ Wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Atẹ̀wé ni mí ní Ṣómólú, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, oorun á di ohun tí a ń jí sùn. Pósítà, káàdì, kàlẹ́ńdà, ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, gbogbo ohun tó bá ṣe é tẹ ojú olóṣèlú sí ni wọ́n ń gbé wá bá wa. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi ti ti ibẹ̀ jáde rí, n kò sì ní bú iṣẹ́ tó ń bọ́ mi.

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ìbejì mi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Pámárì kẹrin ni wọ́n wà. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n pín ní ilé ẹ̀kọ́ wọn wà níwájú Táyé, ojú ọkùnrin kan tó wọ agbádá sì wà lẹ́yìn ìwé náà. Táyé mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mi ni ìwé yẹn ti jáde. Ó bi mí pé, "Dádì, kí ni iṣẹ́ bàbá yìí?" Mo ní kańsílọ̀ ni wọ́n. Ó ní, "Kí wá ni kańsílọ̀ máa ń ṣe?" N kò rí nǹkan kan sọ. Kẹ́hìndé ló dá sí i: "Ṣé àwọn ló máa kó omi kúrò ní kíláàsì wa?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé omi yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni àwọn ọmọ mi ń lọ, lápá Èkó tí mò ń gbé. Kì í ṣe Ṣómólú, n kò sì ní dárúkọ àdúgbò náà tàbí káńsù rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Gọ́tà kan wà níwájú gẹ́ètì ilé ẹ̀kọ́ náà tí yanrìn àti ọ̀rá ti dí pa. Tí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, omi gọ́tà á yà wọ kíláàsì mẹ́ta. Mo ti rí tísà tó gbé ìwé tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ lórí kí ó má baà tutù. Mo ti rí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n dúró lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n di bàtà wọn mọ́ àyà, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó máa pọ̀n wọ́n kọjá. Àwa òbí dáwó, a ra àpò yanrìn, omi gbé e lọ. Fún ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bú ààrẹ àti gómìnà nítorí gọ́tà yẹn, nínú dáńfó, ní ṣọ́ọ̀bù, níbi ìnáwó.

Lọ́yà kan wà tó máa ń tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó wá, mo bi í ní ìbéèrè Táyé. Ó ṣí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sí àfikún kẹrin, ó ní kí n fúnra mi kà á. Ìdúró ni mo wà tí mo fi kà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà. Títì àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, kíkó ilẹ̀, ọjà, ibùdókọ̀, ìwé ìbí ọmọ títí dé itẹ́ òkú, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó tún lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Gọ́tà wà níbẹ̀ gbangba!

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n dìbò yan àwọn alága 57 àti àwọn kańsílọ̀ 376 ní Èkó. Ilé ni mo wà. Nínú ìbò ààrẹ ọdún 2023 náà, nígbà tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, tí àwọn tó jáde kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ, mo wà lára àwọn tó jókòó sílé. Mo gbà pé pósítà tí mo tẹ̀ ti tó ní ipa tèmi.

Mo lọ sí káńsù. Kí n tó mọ ilẹ̀kùn tí mo máa kàn pàápàá, ó gba ọjọ́ méjì, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀ ní Èkó, ìpínlẹ̀ wá fi àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37, tí wọ́n ń pè ní LCDA, kún un láti ọdún 2003. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí níbẹ̀ ni pé, "Ta ló rán yín wá?" Mo ní ọmọ mi ni. Mo jókòó títí di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ní ẹni tí mo fẹ́ rí kò sí lórí ìjókòó. Nígbà kejì, ìyá márùn-ún bá mi lọ, wọ́n sì fún wa ní àga. Wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà.

Òbí 11 ló ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà báyìí. Àwọn tí kò fọwọ́ sí i pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Bàbá kan pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n rọra, pé wọ́n lè torí rẹ̀ fìyà jẹ àwọn ọmọ. Ìyá kan ní láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kkí, òun ti sọ fún àwọn ọmọ òun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ìjọba fa ohunkóhun. Mo mọ ìbẹ̀rù yẹn. Ó wà lára èmi náà. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ta ọjà ní Eréko, òun ló máa ń sọ ìtàn Alimotu Pelewura fún wa. Ẹja ni Pelewura ń tà, kò mọ̀wé, síbẹ̀ nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó ní 1940, òun ló kó wọn jáde, ìjọba sì yí ọwọ́ padà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Gọ́tà kan ṣoṣo ni àwa ń bèèrè.

Ohun tí a kọ sínú lẹ́tà wa kò ju mẹ́ta lọ: ìgbà wo ni wọ́n kó gọ́tà yẹn kẹ́yìn, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún, èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí. Òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba ní kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ méje, a kò sì ní láti sọ ìdí tí a fi ń bèèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin náà mú àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe dì í mú.

Ibi tí mo ti nílò yín nìyí, Olóòtú. Nígbà tí Okonjo-Iweala kọ́kọ́ jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, owó tó ń kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn lóṣooṣù. Mo rántí pé ọ̀gá mi máa ń kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ ti Èkó jáde fún wa lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ alága àti kańsílọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kan ti tó. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, èmi máa fi owó ara mi tẹ ti àdúgbò wa sí bébà fífẹ̀, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gẹ́ètì ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi, níbi tí pósítà tí mo tẹ̀ nígbà ìbò ṣì wà títí di òní.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Ìbejì,
Ṣómólú, Èkó.