Ẹsẹ̀ Ọlájùwọ́n ni kí ẹ wò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. A ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Hakeem Ọlájùwọ́n, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, inú wa sì dùn pé ẹ rántí ọmọ Èkó náà. Ibì kan ṣoṣo ló há wa lọ́fun: ibi tí ẹ ti ní gíga tí Ọlọ́run fún un ló gbé e dé ibi tó dé. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn òbí fa ọmọ tó bá ti ga lọ́wọ́ wá sí pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, kí wọ́n sì máa béèrè pé oṣù mélòó ló kù tí yóò fi wọ bàálù.

Tó bá jẹ́ ti gíga ni, Ralph Sampson tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Houston Rockets ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 4, orúnkún kò sì jẹ́ kó pẹ́ nídìí eré náà. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni ìwé ń pe Ọlájùwọ́n, gíga rẹ̀ gan-an kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọdún 18 ló fi gbá a ní NBA, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,238, àmì ayò 26,946. Bọ́ọ̀lù tó dènà jẹ́ 3,830, kò sì tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ojú sí ni nọ́ńbà mìíràn: ìgbà 2,162 ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń já bọ́ọ̀lù gbà, níbi tó ti ń ta mọ́lẹ̀. Igi ọ̀pẹ kì í ṣe irú ẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ló lè ṣe é.

Níbo ló ti rí ẹsẹ̀ yẹn? Èkó níbí ni. Wọ́n bí i ní January 21, 1963, kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n títí ó fi pé ọmọ ọdún 15. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá hándíbọ́ọ̀lù ní Muslim Teachers College. Aṣọ́lé gidi kì í gbé ẹsẹ̀ kọjá ara wọn bó bá ń sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí bọ́ọ̀lù lè yí padà kí ẹsẹ̀ tó tú. Ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún ló ń fi fò bákan náà. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù lókè láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìgbọ̀nwọ́ wọn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Hándíbọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi èjìká tan ẹni tó wà níwájú. Àléébù kan ló wà níbẹ̀ tí àwọn kóòṣì gbọ́dọ̀ tètè wò: òfin hándíbọ́ọ̀lù fàyè gba ìgbésẹ̀ 3 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ọmọ tó bá gbé ìyẹn wá sọ́dọ̀ tiwa, fèrè ni rẹfirí yóò máa fọn sí i látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá a gé kù, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ àwọ̀n.

Nígbà tó dé Yunifásítì Houston ní 1980, ọ̀dọ̀ kóòṣì Guy Lewis, kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní sáà àkọ́kọ́. Ní èkejì, bí ìṣẹ́jú 18 ni wọ́n ń fún un nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ó béèrè ohun tó lè ṣe kí wọ́n lè máa lò ó sí i, wọ́n sì ní kó máa lọ bá Moses Malone ti Rockets ṣeré ní gbọ̀ngàn Fonde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Malone ni ọ̀gá àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù tó bá ta padà láti ara irin tí àwọ̀n so mọ́. Kì í dúró kí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ta padà kó tó wá àyè. Ó ti fi ìdí ti ẹni ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lójú ọ̀run. Ìyókù, ẹ ti kọ ọ́ dáadáa: ìdíje àṣekágbá àwọn yunifásítì tí wọ́n pàdánù ní 1983 àti 1984, àti bí Rockets ṣe kọ́kọ́ mú un ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan eléré tuntun, kí ẹnikẹ́ni tó mú Michael Jordan, tó ṣe ẹnì kẹta.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí àrà tí wọ́n ń pè ní Dream Shake. Ó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́ àwọ̀n, á kẹ́yìn sí i, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, á fò díẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá balẹ̀ pa pọ̀, òfin fún un láyè láti fi èyí tó wù ú ṣe ẹsẹ̀ ìdúró, ìyẹn èyí tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan bó bá ń fi èkejì yí. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì kanlẹ̀, èyí tó ṣáájú ti di ẹsẹ̀ ìdúró nìyẹn, ẹni tó wà lẹ́yìn sì ti mọ ibi tí yóò yí sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ wa ti ń pàdánù àrà náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n, kí ìgbọ̀nwọ́ yà síta. Ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìdodo ti gbé e fún àwọn kúkúrú. Lẹ́yìn náà á fi èjìká sọ àárín pápá bí ẹni tó fẹ́ yí síbẹ̀, orí àti ojú á tẹ̀ lé e, á wá dúró díẹ̀. Ìdúró díẹ̀ yìí ni egungun ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa á mi èjìká wìtìwìtì bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn kò tilẹ̀ rí i, ká má tíì sọ pé ó gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń mọ ohun tó kàn: bí àyà ẹni náà bá tẹ̀ sí ọ̀tún, òsì ti ṣí. Á yí, á fò sẹ́yìn díẹ̀, á jù ú. Bí ẹni náà bá wá kọ́kọ́ fò láti dènà rẹ̀, Ọlájùwọ́n kò tíì fò; bọ́ọ̀lù nìkan ló gbé sókè. Abẹ́ apá ẹni náà ni yóò gbà kọjá.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni àwọn rẹfirí ilé-ìwé kan máa ń fọn fèrè sí láìnídìí. Ẹsẹ̀ ìdúró lè gbéra nílẹ̀ bí eléré bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Kìkì pé bọ́ọ̀lù ti gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó tún kanlẹ̀. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á mọ́lẹ̀ ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Òfin méjèèjì yàtọ̀ síra.

David Robinson ti San Antonio kò kúrú, kò sì lọ́ra. Ní 1995, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù lọ lé e lọ́wọ́ ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti Ọlájùwọ́n. Àmì ayò 41 ni Ọlájùwọ́n jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà nínú àṣekágbá pẹ̀lú New York Knicks ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, John Starks ti Knicks fẹ́ ju ayò mẹ́ta láti òkèèrè. Houston fi àmì 2 péré síwájú, 86 sí 84. Ọlájùwọ́n ló jáde lọ bá ọmọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ yíyá yẹn lẹ́yìn ìlà, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù. Ẹni gíga tí wọ́n kọ́ pé kó ṣáà dúró sábẹ́ irin, wíwò ni ì bá máa wò ó.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu bà. Kò gba ife kankan títí tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí Rudy Tomjanovich di kóòṣì ní 1992, wọ́n to àwọn tó lè ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti òkèèrè yí i ká. Bí ẹni méjì bá ya bò ó, ẹnì kan ti wà níbì kan tí a kò ṣọ́, á sì jù ú sí i. Ife NBA ti 1994 àti 1995 ti ibẹ̀ wá.

Fún kóòṣì ilé-ìwé tó bá ní ọmọ gíga: ẹ jẹ́ kó máa ṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́, kó fo okùn ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó balẹ̀ ẹsẹ̀ méjì nígbà 20, kó fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yí nígbà 10 síwájú àti 10 sẹ́yìn, láìsí bọ́ọ̀lù. Kí bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 7, ìyẹn ti àwọn àgbà, má kan ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12; nọ́ńbà 5 ni tirẹ̀. Bí egungun abẹ́ orúnkún bá ń dùn ún, ara tó ń yára ga ni. Ẹ dín fífò lórí sìmẹ́ńtì kù, ẹ má ní ọ̀lẹ ni. Ẹ yẹ bàtà rẹ̀ wò: òkìrìkà tó tóbi jù, tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ méjì dí, ni ẹsẹ̀ ń yọ̀ nínú rẹ̀ nígbà ìdúró lójijì, ọrùn ẹsẹ̀ á sì yí. Ìbú àtàǹpàkò kan níwájú ìka ẹsẹ̀ ti tó.

Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní Akeem ní ojú ìwé yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, kí òun fúnra rẹ̀ tó ní kí wọ́n fi H sí i ní 1991. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ lo àwòrán rẹ̀, ẹ wá èyí tí ẹsẹ̀ hàn. Ìbàdí ni ẹ ti gé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àwa ni tiyín,
Àwọn kóòṣì mẹ́ta, Súrùlérè, Èkó