Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má dúró de ọ̀gá

Olóòtú,

Ọdún 3-3 ni a ń tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ MCPDP (ẹ̀kọ́ àfikún tó pọn dandan fún nọ́ọ̀sì) sì wà lára ohun tí Nursing Council, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ń béèrè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì obìnrin ṣì ń retí kí ilé ìwòsàn fi orúkọ wọn ránṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí kò bá rí ojúure ọ̀gá ńkọ́?

Ẹ ya owó ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, ì báà ṣe 2,000 náírà. Ọdún kejì nínú mẹ́ta náà ni kí ẹ ti lọ. Ẹni tó bá dúró di oṣù tó kẹ́yìn lè bá a pé àyè ti kún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí bóyá Council fọwọ́ sí ẹni tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà.

Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ìwé kan bá jẹ́ orúkọ bàbá, tí òmíràn jẹ́ ti ọkọ, wọ́n lè dá a padà. Ẹ búra ní kóòtù, ẹ polówó ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì tọ́jú ojú ewé náà lódindi. (Àwọn kan á gé e, wọ́n á tún máa wá ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́!) Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù àti ímeèlì.

Àwa nọ́ọ̀sì kan,
Ìbàdàn.