Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan o, omi orí òrùlé wa ńkọ́?

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àgbàrá, pé àwa tá à ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà la fà á. Mi ò jiyàn, ẹni tó bá ti rí Odò Sókòrí lásìkò òjò, tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà bo ojú ẹ̀, á mọ̀ pé ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àwa tá à ń kọ́lé sílẹ̀, èmi gan-an sì wà níbẹ̀.

Ilé tí mo kọ́ s'Ọbáǹtòkó yìí, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà, ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí. Ìgbà tá a ṣì wà ní fọndéṣọ̀n, mo bi bíríkìlà mi pé omi òjò ńkọ́, ibo ló máa gbà, ó ní "Mọ́mì, ẹ fomi sílẹ̀ jàre, omi mọ ọ̀nà ara ẹ̀." Mo sì gbà, torí owó ti ń tán lọ, páànù ló wà lọ́kàn mi. A kan páànù tán nínú oṣù karùn-ún, kò sí gọ́tà létí ẹ̀, kò sí páìpù kankan. Òjò ńlá kan wá rọ̀ lóru. Nígbà tí mo fi máa dé sáìtì láàárọ̀, bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ti ń dúró dè mí, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n mú àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo méjì tó rin gbingbin lọ́wọ́, wọ́n ní "Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ o, ẹrù yín ló sùn sí pálọ̀ wa."

Ojú tì mí, mi ò lè dáhùn. Ẹ̀yìn ilé tèmi náà, ibi tí etí páànù ti ń da omi sílẹ̀, ó ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, fútìn, kọnkéré tó gbé ògiri dúró nísàlẹ̀, ti yọ eyín síta. Àgbàrá ò ní òun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà, àmọ́ èmi onílé ni mo fọwọ́ ara mi pè é wá.

Àbúrò mi tó ń ṣe púlọ́ńbà ló ṣírò ẹ̀ fún mi. Òrùlé tó bá fẹ̀ tó mítà 10 ní 12, tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e, omi tó máa já bọ́ tó lítà 6,000, táńkì onílítà 1,000 mẹ́fà, lálẹ́ ọjọ́ kan péré! Ẹ wá ka iye ilé tó wà ládùúgbò yín.

A ní láti fọ́ kọnkéré tá a ti dà síwájú ilé ká tó rí páìpù 4 íǹṣì rì, bẹ́ẹ̀ ká ní a ṣe é ṣáájú ni, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Àbúrò mi fi okùn wọ̀n ọ́n, pé kó máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà kan ní mítà kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ti kọ igun, ó ṣe ṣáńbà, ìyẹn kòtò kékeré olómọrí, sí i kéèyàn lè máa kó ewé jáde. Bíríkìlà wá ní ká kúkú darí ẹ̀ sí sọ́kàwéè, kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń gbà rì sínú ilẹ̀, àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. Sọ́kàwéè wo? Ìlú tó jẹ́ abẹ́ òkúta là ń gbé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin la gbẹ́ tá a fi kan àpáta, omi ilé ìgbẹ́ gan-an ilẹ̀ ò ráyè mu ún tán, ká tún wá da omi òjò lé e kó padà yọ sínú ilé.

Báyìí, omi ìhà kan ń lọ sí gọ́tà títì, ìhà kejì ń bọ́ sí táńkì, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ẹ̀ torí ẹ̀fọn. Òjò àkọ́rọ̀ mo máa ń jẹ́ kó ṣàn dànù, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún inú ẹ̀. Ìbejì mi ò gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbì kankan mọ́ tó bá di ìgbà òjò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá sáìtì mi, rìsíìtì ni wọ́n ń bèèrè, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí omi máa gbà, bẹ́ẹ̀ a ò tíì gbàgbé àgbàrá oṣù keje 2018 tó gbẹ̀mí èèyàn nílùú yìí.

Bàbá ìsàlẹ̀ ń kí yín. Mo ti bá wọn tún ògiri pálọ̀ kùn, ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ǹtì méjèèjì yẹn, wọ́n ṣì fi kọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Ọbáǹtòkó, Abẹ́òkúta.