Àlàó, ìwọ kọ́ lo gbàgbé, àwọn ni wọ́n yí fíìmù náà padà

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àlàó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Gbogbo wa wà lálàáfíà, àyàfi iná mànàmáná tó ń ṣe bó ṣe wù ú.

Lórí àríyànjiyàn tí ìwọ àti ọmọ rẹ ń fà nítorí fíìmù Star Wars, pé ta ló kọ́kọ́ yìnbọn, Han Solo ni àbí Greedo tó wá mú un, fọkàn balẹ̀, orí rẹ ò dàrú. Nínú èyí tó jáde lọ́dún 1977, Han Solo nìkan ló yìnbọn nílé ọtí yẹn. Greedo ò ráyè yin tirẹ̀ tó fi kú. Ọdún 1997 ni George Lucas tó ṣe fíìmù náà padà sídìí iṣẹ́ náà, ó fi kọ̀ǹpútà kún un lọ́tùn-ún lósì, ó sì jẹ́ kí Greedo kọ́kọ́ yìn. Nígbà tó máa fi bọ́ sórí DVD ní 2004, ó tún fọwọ́ kàn án, ìbọn méjèèjì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dún pa pọ̀. Ohun tí ọmọ rẹ rí ló ń sọ, ohun tí ìwọ náà rí lò ń sọ. Ẹ yéé jà.

Mi ò bá Lucas jà pé ó tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe o. Aṣọ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ta ló ní kó má tú u? Ohun tó ń dùn mí ni pé ó gbé tàkọ́kọ́ pamọ́ fún àwa tá a ti fowó wa wò ó. Steven Spielberg náà fọwọ́ kan fíìmù rẹ̀, E.T., ní 2002, ó gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn agbófinró inú rẹ̀, ó fi wọkí-tọkí lé wọn lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí àwo Blu-ray rẹ̀ jáde ní 2012, ti 1982 gan-an ló gbé fún wa. Ọmọlúàbí nìyẹn.

Jọ̀ọ́, ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù tó o ní ó wà nítòsí rẹ, bá mi béèrè DVD Star Wars ti 2006. Páálí kọ̀ọ̀kan ní àwo méjì: àtúnṣe ló wà lórí ọ̀kan, èkejì ló gbé fíìmù náà bá a ṣe wò ó ní sinimá. Ṣí i wò kó o tó sanwó, torí láìsí àwo kejì yẹn, páálí lásán lo rà. Má retí àwòrán tó mọ́ gaara. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún LaserDisc, àwo fíìmù ńlá ayé àtijọ́, ní 1993 ni wọ́n mú lò, kò sì bá tẹlifíṣọ̀n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ òde òní mu: àwòrán á kéré láàárín, dúdú á yí i po. Kí dúdú yí i po, kó sáà pé. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ti 1995 náà ò ní àtúnṣe nínú, àmọ́ wò ó bóyá wọ́n kọ widescreen sára páálí rẹ̀. Èyí tí wọn ò bá kọ ọ́ sí, wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì kúrò nínú àwòrán kó lè bá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mu.

Saworoide ti Túndé Kèlání, ti 1999, tó o ní kí n bá ọ wá, mo ti rí i. Mo rìn yí Sábó ká. Tẹ́ǹ-ín-wọ̀n ni gbogbo wọn ń nà sí mi, fíìmù mẹ́wàá nínú àwo kan ṣoṣo, o ò ní dá ojú òṣèré mọ̀. Bàbá kan tó ti yá gbogbo àdúgbò ní kásẹ́ẹ̀tì rí ló wá fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Kó tó dárúkọ owó, ó ní kí n yí ìdí àwo náà sí oòrùn. Ó ní èyí tó bá ń pa àwọ̀ aró, ẹnì kan ló jókòó sílé dà á kọ. Èyí tó bá ń dán funfun, ilé-iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ó tún ní bí wọ́n bá fẹ́ ta fíìmù wákàtí méjì fún mi lórí VCD kan ṣoṣo, kí n máa bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, torí VCD ò gbà ju nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú lọ. Tìrẹ jẹ́ méjì, méjèèjì sì ń dán funfun. Ìlà wà lára ìkejì, ṣùgbọ́n mo wò ó dópin, kò há.

Tiwa yàtọ̀ sí ti Lucas, Àlàó. Kò sẹ́ni tó ń yí fíìmù àtijọ́ wa padà. Ṣe ni wọ́n ń sọ nù. Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá jáde ní 1982, àwọn olè da fídíò rẹ̀ kọ, wọ́n ń tà á káàkiri kí bàbá tó rí owó rẹ̀ kó. Shaihu Umar, fíìmù Hausa ti 1976, ní Jos ni wọ́n ti ṣàwárí rẹ̀ ní 2016, àwọn ará Jámánì bá wa tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Inú mi dùn, inú tún bí mi.

Màá fi VCD náà rán ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ̀rọ rẹ bá kọ̀ ọ́, fi sínú kọ̀ǹpútà. Ti Star Wars, má da ara rẹ láàmú nítorí nọ́ńbà agbègbè tó wà lẹ́yìn DVD ọ̀hún, èyí tó ń sọ apá ibi tí wọ́n ṣe é fún láyé; ẹ̀rọ mi kì í yan oúnjẹ. Ya ẹ̀yìn páálí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì sọ fún ọmọ yẹn pé mo ní bàbá rẹ̀ ló jàre.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní